Àpáta Dúdú Òkè-Ooru

Àwẹ̀ró aláró kì í rí ihò kó má fi igi tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá sọ fún un pé nǹkan korò, yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ lá ná. Ọkọ rẹ̀, Ògúnníran, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bí wọ́n bá ní ẹkùn ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyàwó mi á ní kí wọ́n ṣí i díẹ̀ kí òun yọjú." Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bá ara wọn gbé, àfi ìgbà tí làkúrègbé wọ orúnkún ọkùnrin náà.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Ògúnníran. Kí ọdún méjì tó yí po, ẹni tó ń kọ igba ebè lóòjọ́ ti di ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi ewé gbígbóná dì í, pàbó ló já sí. Iṣu jẹrà sínú ebè. Àwẹ̀ró wá gbọ́ lẹ́nu arìnrìn-àjò kan pé ìlú kékeré kan ń bẹ lẹ́yìn òkè méje, Òkè-Ooru lorúkọ rẹ̀, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú àpáta, tó sì ń wo àìsàn eegun. Kò sí aládùúgbò kan tó gbọ́ orúkọ ìlú náà rí.

"Omi gbígbóná láìsí iná?" ni Ògúnníran wí. "Ta ló ń dáná ọ̀hún?"

"Ohun tí mo fẹ́ lọ wò nìyẹn!" Àwẹ̀ró gbé ọkọ rẹ̀ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó di ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Ooru, há, òótọ́ ni o! Omi náà ń rú èéfín bí ìkòkò àgbo. Lápá òkè, omi mìíràn ń ṣàn, tirẹ̀ tutù nini. Àárín omi méjèèjì ni àpáta dúdú kan tẹ́ sí, ó fẹ̀ tó ọjà, kò sí igi kan tó ṣíji bò ó. Orí rẹ̀ ni aláìsàn ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ wẹ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà gòkè bọ̀ lọ́sàn-án. Èèwọ̀ ni bàtà níbẹ̀.

Yèyé Fátọ́lá, arúgbó tó ń tọ́jú omi, gbé akèrègbè fún wọn. "Ẹ pọn omi tútù, kí ẹ máa dà á síwájú yín bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀. Kálukú ló ń mú ọ̀nà tirẹ̀ tutù."

Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ tẹ àpáta. Ìrì ṣì wà lára rẹ̀. "Yèyé, ó tutù kẹ̀! Kí la tún ń da omi sí i fún?"

"Ọmọ mi, dà á ná."

Wọ́n ń dà á. Àpáta náà ń fa omi mu bí àmù. Lójoojúmọ́ ni orúnkún Ògúnníran ń rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ọ̀pá sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Yèyé sì ti sọ pé ọjọ́ kẹjọ ni ìwẹ̀ parí: bí kò bá lè rìn láìlọ́pàá lọ́jọ́ náà, kí wọ́n máa lọ sílé, omi ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Àwẹ̀ró lọ́kàn.

Síbẹ̀, ìwà ni ìwà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó da omi síwájú ọkọ rẹ̀ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ wá ya sí apá kejì àpáta, ó sọ̀kalẹ̀ láìda ẹ̀kán omi kan. Ó fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sínú pé Yèyé kàn ń fi iṣẹ́ asán yọ àlejò lẹ́nu ni.

Oòrùn wá kan àtàrí. Ògúnníran tẹ ọ̀pá, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ tó ṣì tutù gòkè wẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró gba ọ̀nà gbígbẹ, oòrùn sì ti mú àpáta ibẹ̀ gbóná bí iná. Kó tó rìn jìnnà, ó ti ń fò.

"Yéè! Mo gbé! Ẹsẹ̀ mi o!"

Ó bẹ́ sórí ìdì koríko kan láàárín àpáta, ibẹ̀ ló há sí. Kò lè lọ, kò lè bọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

Ògúnníran kò dúró gbọ́ ohun tí Yèyé ń wí. Ó já akèrègbè méjì gbà, ó pọn omi kún wọn, ó ń dà á síwájú ara rẹ̀ bó ti ń lọ, àpáta ń hó ṣùà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó da ìyókù sí i lẹ́sẹ̀.

"Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí o tẹ̀," ó wí. "Obìnrin yìí, o fẹ́ pa mí!"

Àwẹ̀ró ń sunkún tẹ̀lé e. Ìgbà tí wọ́n gòkè tán ló wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀: akèrègbè lọ́tùn-ún, akèrègbè lósì.

"Ọkọ mi," ó wí jẹ́jẹ́, "ọ̀pá yín dà?"

Ọ̀pá méjèèjì wà nílẹ̀ níbi tó jù wọ́n sí. Ògúnníran wo orúnkún ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ti ẹlòmíràn. Ló bá bú sẹ́kún.

Yèyé ń fi òrí pa ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó ń rẹ́rìn-ín. "Aláyẹ̀wò, ṣé o ti rí i báyìí?"

"Mo rí i, Yèyé. Bí n kò bá da omi fún un láàárọ̀, àwa méjèèjì ni ìbá jọ há síbẹ̀. Ta ni ìbá wá gbà mí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń rò fún gbogbo ẹni tó wá rẹ aṣọ láró lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó délé. Ẹnu dé ẹnu, ó di ti gbogbo ayé, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.