Rẹfirí Tó Ń Bẹ Onígi Títí Ilẹ̀ Fi Ṣú

Ọkùnrin kan wà tí kò lọ́tàá, Mọ́gàjí. Ẹ má tí ì dìde. Èmi tí mo kọ́ yín ní ábídí ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀.

Rẹfirí ni ọkùnrin náà, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù onígi, èyí tí ẹnì kan máa ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíì á fi igi gbá a. Ẹnu rẹ̀ dùn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò wá bá àwọn onílé figagbága. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò lọ sí ìdíje ńlá. Géńdé kan ló ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn àlejò. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó tún gbá a lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá lọ lọ́dún yẹn, ó parí.

Òjò ti dá wọn dúró láàárọ̀, oòrùn sì ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ìpele ìkẹyìn. Pápá náà kò níná. Àwọn àlejò gbá tiwọn, wọ́n sì ré kọjá àwọn onílé. Ó ku kí àwọn onílé náà gbá. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé bí ilẹ̀ bá ṣú kí ìpele kan tó parí, wọ́n á fagi lé e, iye ayò tó wà kí ìpele náà tó bẹ̀rẹ̀ lá dúró. Àwọn onílé ló sì wà níwájú tẹ́lẹ̀.

Ni onígi àwọn onílé bá mú igi, ó bọ́ síbi tí wọ́n ti ń gbá a. Kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù, ó ti jáde, ó ń tún okùn bàtà so. Ó padà. Ó tún jáde, ó ní eruku kó sí òun lójú. Ó tún jáde, ó ń fi iyanrìn ra ọwọ́.

Géńdé yẹn kígbe pé, "Ọ̀gá, ilẹ̀ mà ń ṣú o!"

Agbára wà lọ́wọ́ rẹfirí. Ó lè ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù náà, kó sì máa kà á sí onígi lọ́rùn títí yóò fi lé e jáde. Rárá o. Ó rẹ́rìn-ín sí onígi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é wéré." Ó wá yíjú sí géńdé náà: "Ìwọ náà, ṣe sùúrù."

Sùúrù! Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ni wọ́n tún ń bẹ̀ pé kó ṣe sùúrù.

Ilẹ̀ ṣú. Wọ́n fagi lé gbogbo ohun tí àwọn àlejò gbá. Àwọn onílé gbé onígi wọn sọ́rùn, wọ́n ń jó. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ géńdé yẹn, kò rí i jù. Rẹfirí gbá a léjìká pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Má bínú. O rí i pé mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

Géńdé náà bi í pé, "Ọ̀gá, ta ló wá borí?"

Mọ́gàjí, ẹ má wo àjà. Ẹ̀yin ni rẹfirí yẹn. Ọdún wo ni opó Àlàmú ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ẹjọ́ ilé ọkọ òun? Bí ẹ bá ti pe ìpàdé, Múfútáù tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní àbúrò òun kò tí ì ti ìlú òkèèrè dé. Ẹ̀yin á ní kò burú, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ó wá ní kí obìnrin náà ṣe sùúrù.

Mo lọ kí i lánàá ní yàrá tó háyà. Kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Múfútáù kò ní kí ẹ dá òun láre, àbí? Ó kàn ń dúró kí ilẹ̀ ṣú ni.

Ẹ pe ìpàdé náà lónìí, bó wá, bí kò wá. Bí ẹ bá jẹ́ kí obìnrin yẹn kú síta, ẹ má wá bá wa ṣe òkú rẹ̀.