Ọ̀kẹ́rẹ́ Olùyẹ̀wò Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò balẹ̀ sórí ẹlòmíràn, orí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti fóònù ló balẹ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹranko kì í ní fóònù. Ta ló ń pa àlọ́, èmi àbí ẹ̀yin?

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ẹranko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan ń jẹ́ Ohùn-Òkè, èkejì ń jẹ́ Etídò, ẹ̀kẹta ń jẹ́ Gbangba. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pe ará òkè, ìpè a já. Ẹni tó bá pe ará odò, ṣììì ni yóò máa gbọ́, bí ẹni ń dín àkàrà.

Àgbọ̀nrín ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ọkọ ní Ìsàlẹ̀-Odò, ìrìn ààbọ̀ ọjọ́. Oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Ọkọ rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò.

Àgbọ̀nrín lọ bá Erin, ọba wọn. "Kábíyèsí, bí ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, láìnì wo ni yóò fi pè mí?"

Erin rán Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Wọ́n fún un ní síìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Dé gbogbo abúlé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn ará ibẹ̀, kí o pè wá. Èyí tó bá wọlé, sọ. Èyí tó bá já, sọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tó ń ta síìmù Gbangba.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o fẹ́ràn ẹyìn?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Abúlé kọ̀ọ̀kan tí o bá ti sọ pé Gbangba dára, agbọ̀n ẹyìn kan."

Abúlé mẹ́jọ, agbọ̀n mẹ́jọ! Itọ́ kún ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò tilẹ̀ lọ síbì kankan mọ́. Ó gun igi àràbà tó wà lẹ́yìn ìlú, ó jókòó sí ṣóńṣó rẹ̀. Lókè fíofío yẹn, kò sí ìpè tí kì í wọlé.

"Kábíyèsí, Ìsàlẹ̀-Odò ni mo wà yìí o! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"À ń gbọ́ ọ ketekete!"

Ó jẹ díẹ̀ nínú ẹyìn tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́kọ́ gbé fún un, ó tún pè. "Mo ti dé Orí-Òkè o! Gbangba náà ni o!"

Bí gbogbo ẹranko ṣe sọ síìmù yòókù nù nìyẹn. Àgbọ̀nrín ra Gbangba méjì, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Àyọ̀ká. "Má fi òmíràn pè mí o, ọmọ mi. Èyí ló dájú."

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù dún.

"Ìyá mi, ó ti..."

Ó já.

"Ó ti kín ni? Àyọ̀ká! Ó ti kín ni?"

Àgbọ̀nrín pè padà. Ẹni tí ẹ ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó gbé fóònù sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó ké lọ bá Erin. Erin fi ọwọ́jà gbé Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ìwọ náà ń bọ̀. O ó fi ibi tí o dúró sí hàn wá."

Wọ́n sáré. Àgbọ̀nrín ń sáré, ó ń pè. Ó ń pè, ó ń sáré. Kò sí ní àrọ́wọ́tó.

Kí lo wí, ìwọ ọmọ yìí? Ṣé ó ti kú ni? Dúró ná. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Wọ́n dé ilé Àyọ̀ká. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, iná ti kú nínú ààrò. Àyọ̀ká kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti rí i, nísàlẹ̀ òkìtì ọ̀gán. Pẹ̀lú ìrọbí lára, ó gun òkìtì náà lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ọmọ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tutù, ṣùgbọ́n ó ń mí.

"Mo ń pè yín, Ìyá mi. Mo pè, mo pè."

Àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọmọ náà.

Erin sọ Ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Fi Gbangba rẹ pe ìyàwó rẹ nílé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbójú sókè, ó ń wá igi.

"Má wo òkè. Ilẹ̀ ni àwa ń gbé."

Ó pè. Kò lọ. Ó tún pè. Kò lọ. Ìgbín, aládùúgbò Àyọ̀ká, yọ orí jáde. "Kábíyèsí, Etídò nìkan ló ń lọ níbí látọjọ́ pípẹ́. Eléyìí? A ò rí ojú rẹ̀ rí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n mú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó ti sá wọ igbó.

"Ẹsẹ̀ yìí kò ní í jinná kí oṣù mẹ́ta tó pé," ni Erin wí fún Ọ̀kẹ́rẹ́. "Àyọ̀ká kò ṣeé gbé kúrò níbí. Ìyá rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. A ti sọ síìmù Etídò wa nù nítorí ọ̀rọ̀ rẹ, nítorí náà nígbà tí kò bá sí níbí, ìwọ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wá gbọ́ ohun tí Àyọ̀ká ń fẹ́ láàárọ̀, kí ìyá rẹ̀ gbọ́ lọ́sàn-án, kí o sì mú èsì padà."

"Kábíyèsí, bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Má jẹ́ kó já."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí a bá rán pé kó lọ wo ọ̀nà, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ọ̀nà náà, torí ọmọ ẹlòmíràn ló wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Àlọ́ mi tán. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́nà jíjìn, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó sùn.