Bí Olorì Tinúadé Ṣe Lé Ọmọ Rẹ̀ Dé Omigòkè

Ẹ̀yin ọmọ Omigòkè, ọmọ omi orí àpáta, ọmọ omi abùmu-kì-í-tán, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ohun tó lé baba ńlá yín kúrò ní Ìrẹ̀gbó kì í ṣe ogun, kì í ṣe ìyàn. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni.

Ọmọdé ni Adégoróyè nígbà tó jọba ní Ìrẹ̀gbó, nítorí náà ìyá rẹ̀, Olorì Tinúadé, ló ń bá a di ìlú mú. Bí obìnrin náà bá wúkọ́ láàfin, ìjòyè á dìde dúró. Nígbà tí ọba bàlágà, àwọn tó ń bọ òkè àti àwọn tó ń bọ odò fohùn ṣọ̀kan, wọ́n ní kí Olorì gbé àṣẹ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Olorì rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára. Kò pẹ́ ni ojúbọ òkè jóná. Olorì ní àwọn olódò ló dáná sun ún.

Ìjà dé. Àwọn tó jọ ń jẹun nínú àwo kan ń fi àdá lé ara wọn kiri ọjà. Ọ̀dọ̀ Olorì sì ni ìhà méjèèjì ń sáré lọ pé kó gbèjà àwọn. Kò sẹ́ni tó tún rántí pé ọba ti dàgbà.

Nígbà tó yá, Olorì ní òun fẹ́ parí ìjà. Ó pe Aworò òkè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà. Ó pe Omítọ́lá, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn olódò, kí wọ́n jọ mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nínú igbá kan. Inú Adégoróyè dùn débi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé igbá náà fún wọn.

Aworò mu, ó ṣubú. Omítọ́lá mu, òun náà ṣubú.

"Ìyá mi, kí lẹ fún mi gbé fún wọn?"

"Àlàáfíà ni," Olorì dáhùn. "Èmi ni mo sun ojúbọ. Ta ló kù tí yóò ní kí n gbé àṣẹ sílẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n yín nìyí o!"

"Mo mọ̀."

Ọba gbé igbá náà súnmọ́ ẹnu ara rẹ̀, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rò pé yóò ké. Olorì kò ṣẹ́jú.

"Bó o bá fẹ́, mu ún. Mo ti sin ọkọ. Mo lè sin ọmọ."

Ọba gbé igbá kúrò lẹ́nu. Ó sọ igbá nù, ó ṣí adé lórí. Omítọ́lá, tí èémí rẹ̀ kò tíì tán, fa aṣọ ọba: "Ẹ máa tẹ̀ lé odò. Ibi tí omi bá ti gun òkè, ẹ tẹ̀dó síbẹ̀." Ó sì kú.

Ọba sọ òtítọ́ fún ìlú, ó sì kúrò ní Ìrẹ̀gbó. Ará òkè tẹ̀ lé e, ará odò tẹ̀ lé e, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìdí àpáta kan tí omi ń sun jáde ní téńté orí rẹ̀. Tòkè tòdò ni wọ́n kúnlẹ̀ lójú kan náà. Wọ́n ké pé, "Omi gòkè!" Bí ìlú wa ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ọdún gorí ọdún, Ìrẹ̀gbó tú mọ́ Olorì lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, arúgbó kan tẹ̀pá dé ẹnubodè wa, òùngbẹ ti bó o létè. Òun ni. Àwọn èèyàn fa àdá yọ. Adégoróyè ní kí wọ́n fún un lómi. Arúgbó náà wo omi náà, ó mi orí. Ní gbogbo ilé tó yà lọ́nà, kò lè gba omi mu, nítorí ó mọ ohun tí èèyàn lè fi sínú igbá.

Ọba gba igbá, ó kọ́kọ́ mu, ó gbé e fún un. "Ẹ mu ún, ìyá mi." Ó mu ún, ó bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ọba kò jẹ́ kó wọ̀lú. Ẹ̀yìn odi ló kọ́lé fún un sí, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Títí dòní, àlejò kì í mu omi ní Omigòkè kí ọba tó mu nínú rẹ̀. Ìyá ọba kì í sì í sùn láàfin wa, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn rere tó.