Ago Onípele Méje ní Ibodè Ìgbójà

Ní ìlú Ìgbójà láyé àtijọ́, ibodè kan ṣoṣo ló wà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì wúwo ju ilé ẹlòmíràn lọ. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi irin dè é láti òkè délẹ̀, òpó ńlá kan ló sì gbé e dúró. Ẹsẹ̀ irin tó wà nídìí òpó yìí kì í tẹ ilẹ̀. Inú ago kan tí wọ́n rì mọ́ àárín òkúta ló jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń yí bí wọ́n bá ń ṣí ìlẹ̀kùn tàbí bí wọ́n bá ń tì í. Àlejò tó bá dé a máa yin ìrókò. Kò sẹ́ni tó ń yin ago, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí i.

Ògúnkọ̀yà alágbẹ̀dẹ mọ ago náà dáadáa, nítorí bàbá rẹ̀ tó ti kú ló rọ ọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìpele méje ló ní. Irin méjì ló wà nísàlẹ̀, nítorí irin ló lè ru ẹrù. Bàbà méjì tẹ̀lé e, nítorí irin àti idẹ kì í gbà fún ara wọn, àfi kí bàbà ṣe alárinà. Idẹ méjì wà lórí bàbà, nítorí idẹ a máa fara da ìyíkiri. Ìyẹn di mẹ́fà. Òjé tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ tánganran ni wọ́n fi ń ṣe èkeje, wọ́n á kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú idẹ, kò ní nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ìyá Ògúnkọ̀yà ló máa ń ṣe ìpele yìí nígbà ayé ọkọ rẹ̀. Bàbá ní ọwọ́ tòun le jù fún un.

Ogójì ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ago bàbá gbó, ìlẹ̀kùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ igbe náà, ẹ dúpẹ́. Bí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀, ewúrẹ́ a já okùn, ọmọ ọwọ́ a ta jí, àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń ro ní ìdúbúlẹ̀ a sáré dìde, wọ́n á ní ogun ti dé. Olúgbójà, ọba ìlú náà, sì fẹ́ lọ sí Agbèdú láti lọ mú ìyàwó tuntun wálé tòun ti àwọn àna rẹ̀. Kò fẹ́ kí ìlẹ̀kùn òun pariwo lé àna lórí. Ó ránṣẹ́ pe Ògúnkọ̀yà.

“Ṣe ago tuntun fún mi,” ni ọba wí. “Bí mo bá mú àwọn àna mi dé, ìwọ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wa bí bàbá rẹ ti ṣe é. Bí ó bá ṣí, fìlà Olórí Alágbẹ̀dẹ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ di tìrẹ.”

Bí bàbá rẹ̀ ti ṣe é, ìyẹn ni pé pẹ̀lú ọmọńdinrín. Àṣà Ìgbójà ni pé ẹni tó bá rọ ago ibodè, ìka rẹ̀ tó kéré jù ni yóò fi ti ìlẹ̀kùn lójú gbogbo ìlú. Láti kékeré ni Ògúnkọ̀yà ti ń lá àlá fìlà yẹn.

Kí a má parọ́, Ògúnkọ̀yà mọ iṣẹ́. Àìnísùúrù ni àrùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ fún un, ó lè jẹ ewé rẹ̀ kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun ṣí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti rọ irin, bàbà àti idẹ lé ara wọn, ìpele mẹ́fà dúró ṣinṣin. Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ pé kí ó bá òun ṣe èkeje.

“Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, Àjàgbé,” ni ìyá fi oríkì pè é. “Ìwọ ni yóò ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà. Lónìí, fi omi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ wẹ̀ ẹ́ títí ìdọ̀tí kankan kò fi ní kù lára rẹ̀. Lọ́la, mú un gbóná, kí o ta òjé àti tánganran sí i, kí o fi aṣọ nù ún títí yóò fi kárí. Lọ́túnla, fi òrí àti èédú lẹ́búlẹ́bú pa á, kí o ki ẹsẹ̀ irin bọ̀ ọ́, kí o máa yí i títí yóò fi dákẹ́.”

Ògúnkọ̀yà jókòó síta, ó gbé ago lé itan, ó ń bu omi sí i, ó ń fi ọwọ́ rọra fọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Abíọ́nà oníbodè ń kọjá lọ. Bí ẹnu Abíọ́nà bá jẹ́ ìlẹ̀kùn, kò ní nílò ago kankan, nítorí ṣíṣí ló máa ń wà.

“Ògúnkọ̀yà, o kú ewu ọmọ o,” ni Abíọ́nà wí. “Akọ ni àbí abo?”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ògúnkọ̀yà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Abíọ́nà tún padà wá, ó mú kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú dání, ó ní ẹ̀bùn ìwẹ̀ ọmọ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ti alágbẹ̀dẹ gan-an. Òun tó ń gbé ọmọ owú lókè bí ẹni gbé abẹ́bẹ̀, òun ni wọ́n wá sọ di ìyá ọlọ́mọ lójú pópó. Ó wo ìpele mẹ́fà tó ti fi òógùn rọ. Ó ní lẹ́yìn ẹ̀fà, èje ló kù, èje náà ò sì ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ta ni yóò wo ìdí òpó? Ó ju kànìnkàn nù, ó di òrí kún inú ago, ó sì gbé e lọ sí ibodè, wọ́n fi í rọ́pò ago bàbá rẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ bi í léèrè.

“O ti ṣe é tán kíákíá báyìí?”

“Mo ti ṣe é tán, ìyá mi.”

“Ó dákẹ́?”

“Ó dákẹ́.”

“Ó dáa,” ni ìyá wí, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí tó ń bó.

Lọ́jọ́ tí ọba ń lọ sí Agbèdú, ìlẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́, ewúrẹ́ kan kò tilẹ̀ gbórí sókè. Ìlú hó yèè. Ògúnkọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó ń wo ibi tí fìlà yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n òrí ló ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn, òrí kì í sì í ṣe ìpele. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán mú, ó yọ́, ó ń ṣàn jáde nídìí òpó. Abíọ́nà tí ọ̀yẹ́ ti la gìgísẹ̀ rẹ̀ rí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ̀, ó sì ń fi ìka gbá a, ó ń fi í pa ẹsẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gìgísẹ̀ Abíọ́nà ti ń dán, inú ago sì ti gbẹ. Ọ̀yẹ́ wá ń fẹ́ iyanrìn wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé òjé wà níbẹ̀ ni, iyanrìn ì bá rì sínú rẹ̀ bí irúgbìn ti ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, kì bá sì pa ẹnikẹ́ni lára. Idẹ kì í gba àlejò bẹ́ẹ̀. Àṣà ìlú sì ni pé bí ọba bá jáde, a kì í ṣí ibodè títí yóò fi dé, nítorí náà iyanrìn dúró lórí idẹ, ó ń dúró de ọba.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọba dé tòun ti ìyàwó àti ogún àna. Ògúnkọ̀yà wọ agbádá, ó bọ́ síwájú láti inú ìlú, ó na ọmọńdinrín, ó tì í. Ìlẹ̀kùn kò mira. Ó fi ìka méjì tì í. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Ó bọ́ agbádá, ó fi èjìká sí i, ìlẹ̀kùn sì ké igbe kan tó jẹ́ kí ẹṣin ọba dá ọba sílẹ̀. Ó ṣí ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, ó há síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọkùnrin tì í, wọ́n fà á, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Àwọn ará Agbèdú kì í sanra. Wọ́n wo àlàfo náà, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe máa ń wọ Ìgbójà nìyẹn. Ìyàwó náà wọlé. Ó wá ku ọba nìkan. Ikùn Olúgbójà kì í ṣe ikùn tí ń gba ìgbọ̀nwọ́ kan kọjá, ká tilẹ̀ ní ó gbà á, èèwọ̀ ni kí ọba fi ẹ̀gbẹ́ wọ ìlú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi ọdán níta. Láti ibẹ̀, ó ń gbọ́ bí àwọn àna rẹ̀ ti ń yin ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n sè dè é. Wọ́n gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, ọpọ́n rẹ̀ kò gba ẹnu ìlẹ̀kùn, ni wọ́n bá ń fi ìgbákọ bu iyán fún un díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n pe Ògúnkọ̀yà, ó yọ́ jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ìpele mélòó lo ṣe?”

“Mẹ́fà, Kábíyèsí.”

“Mélòó ni bàbá rẹ ṣe?”

“Méje, Kábíyèsí.”

“Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?”

“Èje ni, Kábíyèsí. Fẹ́lẹ́ báyìí ni.”

Ọba wo ẹní, ó wo ìgbákọ, ó wo ẹṣin tó dá a sílẹ̀. Ẹ̀rín àwọn àna ta jáde láti inú ìlú.

“Èje nìkan?” ni ọba bi í.

Ògúnkọ̀yà fi orí kanlẹ̀.

“Níbí ni mo wà títí ìlẹ̀kùn yóò fi ṣí,” ni ọba wí. “Bí ọmọńdinrín rẹ bá ṣí i, a ó tún jọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣí i, kó ẹwìrì rẹ kúrò ní àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ, kí o wá oko ro.”

Ògúnkọ̀yà tún yọ́ wọ ìlú. Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá mi, mo parọ́ fún yín.”

“Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọba jáde, mo gbọ́ ohùn idẹ lábẹ́ òrí. Òjé kì í ní ohùn.”

“Ẹ gbọ́, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?”

“Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ìwọ ni yóò gbọ́?” Ìyá gbé ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, ó mú ọ̀pá rẹ̀. “Dìde. Ojú ọ̀nà la ó ti ṣe é, níwájú ibodè, kí ìtìjú má baà tún rí ibi fara pamọ́ sí.”

Wọ́n fi igi gbé ìlẹ̀kùn sókè díẹ̀, wọ́n yọ ago, wọ́n sì gbé e jáde sábẹ́ igi ọdán. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀, nítorí náà ọba ní Abíọ́nà ni yóò máa bu omi, òun náà ni yóò máa lọ èédú. Ògúnkọ̀yà gbé ago lé itan, ó ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn àna ń yọjú, wọ́n ń kí i kú ewu ọmọ. Ọba náà nà gbọọrọ lórí ẹní, ó ń wò ó.

“Wẹ̀ ẹ́ dáadáa,” ló wí. “Má gbàgbé abẹ́ abíyá rẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ta òjé àti tánganran sí i, wọ́n nù ún títí ó fi kárí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi òrí àti èédú pa á, Ògúnkọ̀yà ki ẹsẹ̀ irin bọ̀ ọ́, ó sì ń yí i. Ó yí i títí apá fi ro ó.

“Ìyá mi, ó ti tó.”

“Mo ṣì ń gbọ́ ọ.”

“Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Nítorí pé o kò tíì dẹ etí ni.”

Ó dẹ etí. Lóòótọ́, ohùn kékeré kan wà níbẹ̀, bí ìgbà tí kòkòrò bá ń jẹ igi. Ó ń yí i lọ, kò bínú mọ́. Nígbà tó yá, ohùn náà kéré sí i, ó kéré sí i, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí irin, kò sì gbọ́ ohunkóhun àfi èémí ara rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀, ó rántí ogójì ọdún tí ìlú fi sùn dáadáa láìmọ ẹni tó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n gbé ago padà sáàyè rẹ̀, wọ́n sọ ìlẹ̀kùn kalẹ̀, wọ́n sì tì í. Àwọn àna tò sínú ìlú, ọba dìde dúró níta. Nínú ìlú, Ògúnkọ̀yà na ọmọńdinrín. Ó fi kan ìrókò, kò tilẹ̀ tíì tì í tán tí ìlẹ̀kùn fi ṣí gbayawu láìfọhùn. Abíọ́nà tó wà níta, tó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn tó ń ròyìn gbogbo ọ̀ràn náà fún ẹṣin ọba, kò mọ̀ rárá pé ó ti ń ṣí. Ó ṣubú gbì síwájú Olúgbójà.

“O kú ewu,” ni ọba wí. Ó ré e kọjá, ó kọjú síwájú, ikùn rẹ̀ sì ló kọ́kọ́ wọ ìlú.

Ọba gba fìlà Olórí Alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Ògúnkọ̀yà ti kúnlẹ̀, ó ti tẹrí. Ọba kọjá lára rẹ̀, ó gbé fìlà náà lé gèlè ìyá rẹ̀ lórí.

“Ọdún mẹ́fà ni yóò fi wà níbẹ̀, Ìyá Alágbẹ̀dẹ,” ni ọba wí. “Ọmọ yín mọ ẹ̀fà kà dáadáa. Ẹ jẹ́ kó kà á.”

Ògúnkọ̀yà gbójú sókè, ó rí fìlà gọ̀ǹgọ̀ lórí gèlè, ẹ̀rín sì pa á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dọ̀bálẹ̀. Ó ka ọdún mẹ́fà náà, ó sì gba fìlà ní ọdún keje. Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, bí ẹnì kan bá ti sọ níwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé ó ku díẹ̀ bín-ń-tín, yóò mú onítọ̀hún lọ́wọ́, yóò mú un dé ibodè, yóò fi igi ọdán hàn án. Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ títí dòní pé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.