Ẹni Tó Ń Pe Bàbá Ìgè

Ẹ̀yin ọmọ mi, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Ìṣojú mi ni òwe yìí ti ṣẹ.

Bàbá Ìgè, àgbẹ̀ abúlé wa, ń gbọ́ tí ohùn kan ń pe òun lọ́sàn-án gangan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan nítòsí. A kì í sì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Bàbá dákẹ́, ohùn ò dákẹ́.

Ìyá Ìgè, ìyàwó rẹ̀, ní, "Bóyá ìyàwó tuntun ló ń pè yín. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan ní tèmi."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá yẹ ara wa wò, Bàbá sọ ti ohùn náà fún un. Ó we aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Bàbá lápá. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń pè yín, Bàbá. Ó ti ń ru, ṣùgbọ́n oògùn ṣì ká a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni tiwọn kì í pè wọ́n kó tó mú wọn lọ."

Ìyá Ìgè rẹ́rìn-ín, ó na apá tirẹ̀ ṣeré. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó tún un wò, ó rọra ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Tiyín ga ju ti Bàbá lọ fíìfíì."

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ó yè, ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a kò gbọ́ nǹkan kan rí, a ti tò síwájú nọ́ọ̀sì, a na apá.