Ìdí Tí Àkèré Kan Kì í Fi í Dá Ké Létí Odò

Òótọ́ pọ́ńbélé ni o. Mo fi orúnkún mi méjèèjì búra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá rí wọn kò ní gbà wọ́n ní ẹ̀rí. Mo ti rin ìrìnkurìn títí ẹsẹ̀ mi fi wọ́ bíi ti Ìjàpá. Ta ni kó tún mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù mí lọ? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. N kì í bu ènìyàn jẹ. Eyín mi kò tó o mọ́.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó já sómi jàbú, ó bá Ìjàpá níbi tó ti ń ké bí àkèré.

Láyé ìgbà kan, òjò mọ ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ọjọ́ dàrú. Ọdún kan, àgbàrá á dé kí àgbẹ̀ tó ṣán oko. Ọdún kejì, òjò á pẹ́ títí, omi odò á lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ìkókó. Ẹja ń sá. Ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ń kún tẹ́lẹ̀ wá ń fa ewé. Ìwọ̀nba abo ẹja tó kù, tẹyin nínú wọn, kó jọ sínú ibú kan ṣoṣo.

Ẹfọ̀n, olórí àwọn apẹja, jókòó ti ibú náà. Ó ní: "Irúgbìn wa nìyí. Bí àgbàrá bá dé, wọn á jáde lọ yé, gbogbo wa á sì rí ẹja jẹ. Ẹni tó bá kó wọn lónìí, ọbẹ̀ àwọn ọmọ wa ló dà nù."

Àṣà ibẹ̀ sì ni pé, bí àkèré bá ti ké, àgbàrá ń bọ̀ nìyẹn: kí gbogbo ayé kúrò létí odò, kí wọ́n gun òkè.

Ìjàpá gbọ́, ikùn rẹ̀ dáhùn. Ó so ìgèrè ìdẹja mọ́ ọrùn, ó ní òun á lọ ké bí àkèré nínú eèsún etí odò.

Yánníbo, aya rẹ̀, ní: "Baálé mi, bí àkèré gidi bá ké ńkọ́?"

"Lọ́dún yìí?" Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Òjò ti gbàgbé ọ̀nà ilé."

Ó wọlé sínú eèsún, ó la ẹnu: "Kùọ́! Kùọ́!"

Ẹfọ̀n gbórí sókè. "Àkèré, lọ́sàn-án gangan?"

Ọ̀bọ ti ń ká àwọ̀n rẹ̀. "Bàbá, ojú ọjọ́ tó dàrú, ṣé orí àkèré nìkan lẹ fẹ́ kó pé?"

Ni wọ́n bá gun òkè, tọmọdé tàgbà, Yánníbo pẹ̀lú.

Ìjàpá wọ ibú. "Ìwọ orí bí ẹ̀kùrọ́ yìí," ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "wọ́n ní kò sóhun tí o wúlò fún ju kí n máa fà ọ́ wọlé lọ!" Ó kó ẹja títí ìgèrè fi kún. Bó ti fẹ́ jáde, ó gbọ́: "Kùọ́!"

"Gbohùngbohùn mi nìyẹn," ló wí. "Ohùn mi mà dùn o! Òpè ni mí tí n kò ti máa kọrin láti kékeré."

"Kùọ́! Kùọ́!" Ọ̀tún ké, òsì ké. Ìjàpá dúró, ó ń mi orí sí i.

Òjò ti rọ̀ níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀ lọ́hùn-ún. Ará ìlú ò kàn rí i ni. Omi ya dé, gììrì! Ìjàpá ní òun á sáré. Sáré kẹ̀? Èmi tí ẹ ń wò yìí lè lé e bá. Ìgèrè tó fọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ ọrùn fà á lulẹ̀, àgbàrá gbé e yí po, ìgèrè fọ́ mọ́ àpáta. Àwọn abo ẹja tú jáde, wọ́n gba pápá tí omi bò lọ yé. Ìjàpá ń bá omi lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè.

Ọdún náà, ẹja pọ̀. Irọ́ òpùrọ́ ló sì yọ gbogbo ìlú nínú ikú omi, ó ku òpùrọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Yánníbo jẹ́wọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe, Ẹfọ̀n wá pàṣẹ fún àwọn àkèré: "Láti òní lọ, ẹ kò gbọdọ̀ dá ké mọ́. Ẹ máa ké pọ̀, ká lè mọ̀ pé kì í ṣe Ìjàpá." Ìdí rèé tí àkèré fi ń ké lágbo bí òjò bá ń bọ̀.

Àlọ́ mi gúnlẹ̀ sébùúté. Bí mo bá purọ́, kí orúnkún mi má dún bí mo ṣe ń dìde yìí. Kó! Kó! Ẹ gbọ́ o.

Ó ku ẹyọ kan. Lórí òkè lọ́jọ́ náà, Ẹfọ̀n rí Ìjàpá tí omi ń gbé lọ, ó bi Yánníbo pé: "Kí ni ọkọ rẹ sọ fún ọ kẹ́yìn?"

Yánníbo ń wo omi tó ń ké ramúramù nísàlẹ̀. "Bàbá, ó ní òjò ti gbàgbé ọ̀nà ilé."

"Kí ló ní?"

"Òjò ti gbàgbé ọ̀nà ilé."