Òkété àti Àká Ogbó

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì sùn o, ẹ̀yin gan-an ni àlọ́ yìí ń bá wí. Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sílé Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Ìyá Òkété ń gbé nílùú àwọn ẹranko. Eyín ló fi ń pa ẹ̀kùrọ́ fún ará ìlú, wọ́n á sì fi àgbàdo san án. Kò lọ́gàá. Òun lọ̀gá, òun lọmọṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko Erin, bí wọ́n bá kó díẹ̀ nínú àgbàdo wọn sínú Àká Ogbó, àká tí ìlú ń kó oúnjẹ ọjọ́ ogbó sí, Erin á bá wọn fi tirẹ̀ kún un, torí bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Ta ni yóò bá Òkété fi kún tirẹ̀? Kò sẹ́nìkan. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ ó rí i tó gbé agbọ̀n kékeré rù, tó ń kọrin lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Mo ya togbó, mo ya tìlú,
*Díẹ̀díẹ̀ o, díẹ̀.*
Èyí tó kù ni n ó jẹ lónìí,
*Díẹ̀díẹ̀ o, díẹ̀.*

Obìnrin yìí wù mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ló ń ṣọ́ Àká Ogbó. Òun náà ló ń gba owó orí. Àgbàdo ni wọ́n fi ń san án, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ àwọn tó ń gbẹ́ kànga, tó ń tún ọ̀nà ṣe. Lọ́jọ́ kan, Òòrẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ bá kó síbí, n kì í gba owó orí lé e lórí?"

Ìjàpá ń gba ẹ̀gbẹ́ odi kọjá. Ó gbọ́. Háà! Kò dúró gbọ́ ìyókù, ó forí lé ilé.

Òkété dúró ní tirẹ̀. "Ìgbà wo ni mo lè wá kó o?"

"Ó dìgbà tí irun orí yín bá funfun. Kó tó dìgbà náà, ọba pàápàá ò lè ṣí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Òkété wí.

Ìjàpá délé. "Ìyàwó mi, kó gbogbo àgbàdo ilé yìí jáde! Àká Ogbó ni à ń kó o lọ. Òòrẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà. Tó bá ti lọ, a ó kó o padà."

"Gbogbo ẹ̀, baálé mi? Kí la ó máa jẹ?"

"Ṣé títí ayé ni? Kó o jáde, jàre!"

Lóòótọ́, Òòrẹ̀ dé, kò rí nǹkan kan gbà. Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lulẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé àpò, ó gba àká lọ.

"Irun rẹ ti funfun ni?" Òòrẹ̀ bi í.

Ìjàpá fọwọ́ pa orí. Orí tó pá, tó ń dán! Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ebi wọlé tì wọ́n, àwọn ọmọ ń sunkún.

Ọdún yẹn náà ni eyín Òkété yọ tán. Kò lè pa ẹ̀kùrọ́ mọ́. Ó wo ara rẹ̀ nínú omi, irun ti funfun. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ gba tirẹ̀.

Ó bá bàbá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà àká. Bàbá ń tẹ̀pá, ó ń wúkọ́, orí rẹ̀ funfun báláú. Òkété kúnlẹ̀ kí i. Bó ti tẹrí ba ló rí ìkarahun lẹ́yìn bàbá. Ìjàpá ni, òwú ló lẹ̀ mórí! Bí òwú bá lè ṣí ilẹ̀kùn yìí, lọ́la gbogbo ìlú á lẹ òwú wá, wọn á kó àká gbẹ. Òun tí kò léyín, tí kò bímọ, kí ni yóò jẹ kú?

Kó tó pariwo, Òòrẹ̀ ti dìde láti mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ mì, ṣàkà! ṣàkà! Ẹ̀rù ba bàbá arúgbó. Fìrì! Orí ti wọnú ìkarahun. Gbogbo òwú kù síta.

"Bàbá," ni Òkété wí, "ẹ gbàgbé irun yín síta o."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wá di ìbínú. Wọ́n ní kí wọ́n lé Ìjàpá nílùú. Òkété ní rárá, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ṣẹ̀. Òòrẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún Òkété. Ẹ wá wo àgbàdo! Gbogbo díẹ̀díẹ̀ yẹn ti di òkìtì, ìyá ò lè dá a rù.

"Ìjàpá, gbé agbọ̀n yìí tẹ̀lé mi," ó ní. "Wàá máa bá mi rù ú, n ó máa fi àgbàdo san án fún ọ. Mú tòní lọ fáwọn ọmọ. Mo sì máa fi tèmi kún tìrẹ nínú àká, bí òfin ti wí. Èmi náà ti dọ̀gá."

Ìjàpá gbẹ́rù. Nígbà tó yá, a gbọ́ tó ń gbe orin ìyá lábẹ́lẹ̀: *Díẹ̀díẹ̀ o, díẹ̀.*

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e lé yín lọ́wọ́: bí ẹ lọ́gàá, bí ẹ ò lọ́gàá, ẹ yọ tìlú, ẹ yọ togbó, kí ẹ tó jẹ tòní. Ẹ sì máa gbọ́ òfin tán kí ẹ tó sáré lọ sílé. Ní ti Ìjàpá, bí ẹ bá rí i lọ́la, ẹ wò ó dáadáa. Á yọrí síta, á tún fà á wọlé. Ó ń wò ó bóyá irun ti hù.